Agolo Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá kan n'Ìjẹ̀bú-Òde, tí owó wá bá nídìí iṣẹ́ tó ní òun ò gbà. Ẹlòmíì á ní orí bàbá náà ò pé. Ẹlòmíì á ní ó pé jù. Ẹ gbọ́ ọ tán ná, kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Lójú ọ̀nà tó lọ sọ́jà Òkè-Ajé ni ṣọ́ọ̀bù bàbá wà. Páànù orí ẹ̀ ti dípẹtà, ògbólógbòó rọ́mù mẹ́ta ló so kọ́ iwájú dípò pátákó, bẹ́ǹṣì kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí tí oòrùn bá mú. Túùbù ni bàbá ń lẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí oníṣòwò kan gbé mọ́tò dúró, tó kí i dáadáa, tó dọ̀bálẹ̀ pàápàá. Kò gbé kẹ̀kẹ́ wá. Agolo ló bá wá.

Agolo bisikíìtì àtijọ́ ni, ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ ni bàbá ń tọ́jú ẹ̀ sí. Kì í ṣe owó ló wà nínú ẹ̀, kì í sì í ṣe oògùn. Báàjì ni, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ọrùn kẹ̀kẹ́ níwájú. Orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan wà lára wọn, wọ́n sì kọ Raleigh sí i. Méjìdínlógójì ni. Kẹ̀kẹ́ tó bá kú sọ́wọ́ bàbá, tí kò sí ohun téèyàn lè rí ṣe sí i mọ́, bàbá á yọ báàjì rẹ̀, á fi epo nù ún, á jù ú sínú agolo. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, á ní, "Ṣé wọ́n máa ń da orúkọ òkú nù ni?"

Oníṣòwò náà ní, "Bàbá, mo gbọ́ pé ojúlówó báàjì Raleigh wà lọ́wọ́ yín. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni màá san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́."

Bàbá béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ká sòótọ́, ọkùnrin náà ò purọ́. Ó ní òun kó kẹ̀kẹ́ tuntun wọlé láti Ṣáínà, kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí kò lórúkọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ti dàgbà ò fẹ́ rà á. Raleigh ni wọ́n ń béèrè. "Tí wọ́n bá ti fojú kan orí ẹyẹ yìí, Bàbá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

₦114,000 nìyẹn o. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé bàbá ò mọ iye tó jẹ́. Onílé tó gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún un ti kú, àwọn ọmọ ti ta ilé náà, onílé tuntun ò mọ bàbá rí. ₦120,000 ló ní kó máa san lọ́dún, kó sì tètè wá a kí oṣù tó parí. Aṣọ ẹgbẹ́ régbérégbé fún Ojúde Ọba ń bẹ nílẹ̀ tí kò tíì san. Oògùn ojú ìyàwó rẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Ta ni yóò rí irú owó yìí tí kò ní rò ó wò? Bàbá ní kí oníṣòwò náà padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni bàbá. Ọdún 1960 ni wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ kẹ̀kẹ́, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọdún yẹn gan-an ni Ọba Síkírù Adétọ̀nà gorí ìtẹ́ Awùjalẹ̀, tí Nàìjíríà sì gbòmìnira. Bàbá bá ọba náà dọ́gba lẹ́nu iṣẹ́ ni, bó ṣe máa ń wí nìyẹn, tó máa ń rẹ́rìn-ín: ọba lórí ìtẹ́, òun lórí àpótí. Ọba lo ọdún márùndínláàádọ́rin kó tó wàjà lọ́dún 2025. Bàbá ṣì wà lórí àpótí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà á rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn. Ẹni tó bá ní Raleigh, èèyàn ńlá ni. Tíṣà ń gùn ún, wolé-wolé ń gùn ún, akọ̀wé kóòtù ń gùn ún, ẹlẹ́mu ń gùn ún pẹ̀lú agbè lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀pọ̀ epo pupa tó wọ Ìjẹ̀bú-Òde láti abúlé, orí káríyà kẹ̀kẹ́ ló gbà wọlé. Kẹ̀kẹ́ ń gba láísẹ́ǹsì bí mọ́tò. Kì í sùn síta, inú yàrá ló ń sùn, àwọn ọmọ ló ń sùn sí pálọ̀. Ẹlòmíì kì í tú bébà tí wọ́n fi wé férémù kúrò títí ọdún á fi yípo, kí ọ̀dà má bàa họ. Àwòrán ìpolówó kan tún wà nígbà náà, ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan ló ń gun Raleigh, kìnnìún ń lé e bọ̀ lẹ́yìn, inú ọmọ náà sì ń dùn, nítorí ó mọ̀ pé kìnnìún ò lè bá irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèyàn sì máa ń jiyàn lórí ẹ̀ bí ẹní jiyàn ẹgbẹ́ òṣèlú. Onítibí á ní Raleigh ni, ẹnìkejì á ní Hercules ló lágbára, ẹnìkẹta á ní kí wọ́n fún òun ní Phillips. Ọ̀gá tó kọ́ bàbá níṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko lórí Raleigh àti Hercules. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, a ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ò ní mọ ohun tó ń dun bàbá, àfi tó bá mọ ohun tí férémù jẹ́. Férémù ni egungun kẹ̀kẹ́. Taya lè jẹ, ṣéènì lè já, sípóòkù lè ṣẹ́, èèyàn á pààrọ̀ wọn. Bí férémù bá dá, kẹ̀kẹ́ kú nìyẹn, àfi tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ iṣẹ́. Ọ̀pá irin oníhò ni wọ́n fi ń ṣe é. Níbi tí ọ̀pá bá ti pàdé ọ̀pá, wọ́n á ti orí wọn bọ inú ìbọ̀sẹ̀ irin kan, wọ́n á wá yọ́ idẹ sí i. Idẹ yẹn á ṣàn wọ àárín irin méjèèjì, bí ọbẹ̀ ṣe ń wọnú ẹ̀bà, á sì dì wọ́n mú. Tí iná bá pọ̀ jù, irin á jóná, á di nǹkan tó ń ṣẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Tí iná ò bá tó, idẹ ò ní wọlé, òkè ló máa dúró sí, á máa dán lójú, àmọ́ kò dì nǹkan kan mú. Alágbẹ̀dẹ ò ní ẹ̀rọ tó fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọ̀ irin nínú iná ló ń wò. Nígbà tí wọ́n fi ẹwìrì àti idẹ síwájú bàbá lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kò kọ́ ọ rárá, ó ti rí i lọ́dọ̀ bàbá tó bí i lọ́mọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé kẹ̀kẹ́ tó dá wá bá a láti ọ̀nà jíjìn.

Iṣẹ́ náà dára fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, owó Udoji jáde lọ́dún 1975, àwọn tíṣà àti akọ̀wé ra alùpùpù. Lọ́dún 1982 ìjọba Ṣàgàrí ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà òkèèrè, ohun èlò kẹ̀kẹ́ wọ́n. Nígbà tó di 1986 tí SAP dé, tí náírà ṣubú, ẹni tó lówó kẹ̀kẹ́ tuntun lọ́wọ́ ti di ọlọ́rọ̀. Ọ̀kadà wá gba títì. Bàbá ní ọmọ iṣẹ́ méje láyé ọjọ́un. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn gba fúrídọ́ọ̀mù, ó se ìrẹsì àti ẹran fún gbogbo àlejò, nígbà tó di ọjọ́ Ajé ó gba ọ̀kadà kan láti máa fi ṣiṣẹ́ jíṣẹ́-owó. Bàbá ò bínú sí i. Ó ní kó máa rọra sáré.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ohun kan ló ń fi bàbá lọ́kàn balẹ̀. Ó gbà pé níbòmíràn láyé, lọ́nà jíjìn, àwọn alágbẹ̀dẹ Òyìnbó tí òun ò rí rí ṣì ń ti ọ̀pá bọ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ṣì ń wo àwọ̀ irin. Níbi tó fi ń rò bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣòwò báàjì fi dé bá a.

Lálẹ́ ọjọ́ tí oníṣòwò náà lọ, bàbá pe ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tó ń kàwé n'Ìjagun. Ó ní, "Nínú fóònù rẹ yẹn, ṣé o lè bá mi wo àwọn Raleigh yìí? Mo fẹ́ mọ bóyá wọ́n ṣì wà." Alẹ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fi ń kà á fún un, lẹ́yìn oúnjẹ.

Ọmọ náà ní Frank Bowden ni wọ́n ń pe ẹni tó dá a sílẹ̀. Ó ti rí owó ní Hong Kong, àmọ́ ara rẹ̀ ò yá, dókítà ní kó máa gun kẹ̀kẹ́. Ó gùn ún, ara yá. Ó wá wá àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà lọ, ó bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú pópó Raleigh nílùú Nottingham, kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀. Ó fi owó rẹ̀ sí i, nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1888 ó ti sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́. Nígbà tó di 1896, kò sí ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ tó tóbi tó o láyé. Ẹyẹ tó wà lára báàjì, àmì ìdílé Bowden ni.

Bàbá ní, "Nítorí náà òun pàápàá rà á ni."

"Ó rà á ni, Bàbá."

"Àmọ́ ó ti gùn ún kó tó rà á."

Bowden kú lọ́dún 1921, ọmọ rẹ̀ Harold gba ipò rẹ̀ títí di 1938. Raleigh wá ń gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mì lọ́kọ̀ọ̀kan: Humber lọ́dún 1932, Rudge lọ́dún 1943, Triumph lọ́dún 1954, kẹ̀kẹ́ BSA lọ́dún 1957. Láàárín àwọn ọdún 1950 síwájú, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́dún kan ti lé ní mílíọ̀nù kan. Iye èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó ìlú kan. Alan Sillitoe, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé kan nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́, òun gan-an ti ṣiṣẹ́ ní Raleigh rí, wọ́n sì ya sinimá ìwé náà lọ́dún 1960.

Ọdún 1960 yìí kan náà ni Raleigh bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tube Investments ló rà á, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ọ̀pá irin àti oríṣiríṣi nǹkan mìíràn. Tube Investments ti ní Phillips tẹ́lẹ̀. Ó ti ní Hercules.

Bàbá ní kí ọmọ náà tún un kà. Ó tún un kà. Bàbá pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Họ́wù! Àṣé ilé kan náà ni Hercules àti Raleigh! Ọ̀gá mi ò bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún oṣù kan! Onílé kan náà ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì!"

Ẹ má rò pé olè ni àwọn tó rà á. Wọn kì í ṣe olè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ń kúrò lórí kẹ̀kẹ́, mọ́tò ni wọ́n ń rà, àwọn ará Ṣáínà àti Íńdíà sì ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ tiwọn. Ọjà ń ṣubú, ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, ó di dandan kó wá nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ á tètè rí. Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní nǹkan púpọ̀, kẹ̀kẹ́ ò jẹ́ nǹkan kan ju ìlà kan lọ nínú ìwé owó. Tí ìlà náà bá dín, wọ́n á ge e. Ẹni tó ń ge e kò sí nítòsí iná, kò mọ ta ló ń wo àwọ̀ irin.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Worksop, Carlton lorúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ ṣe férémù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje. Raleigh ló rà á lọ́dún 1960. Lọ́dún 1980, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì kan, Joop Zoetemelk, gba ipò kìíní nínú eré kẹ̀kẹ́ tó tóbi jù láyé, Tour de France, ẹgbẹ́ TI-Raleigh ló wà. Gbogbo ayé gbọ́ orúkọ náà. Ọdún kejì, ní 1981, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù Worksop pa.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín síyẹn. Ó ní, "Kí ni wọ́n ṣe sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?" Ọmọ náà ní kò sí nínú ohun tóun ń kà.

Alẹ́ kẹta ló le jù. Lọ́dún 1987, Tube Investments ta Raleigh fún Derby Cycle. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe férémù ní Nottingham síta, wọ́n lù wọ́n ní gbàǹjo. Gbàǹjo o, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ẹrù onígbèsè. Lọ́dún 2000 wọ́n ta Sturmey-Archer, àwọn tó ń ṣe jíà mẹ́ta tó máa ń dún tík-tík-tík tí kẹ̀kẹ́ bá ń sọ̀kalẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Taiwan kan ló padà rà á, ó kó ẹ̀rọ lọ sílé, ó sì ń ṣe é níbẹ̀. Èyí wú bàbá lórí díẹ̀. Ó ní ẹni yẹn ra irin, ó ra iṣẹ́, ó jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ. Lọ́dún 2001 Derby wọ gbèsè, àwọn ọ̀gá tó wà nínú ilé ló ra Raleigh ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, wọ́n ti ilé-iṣẹ́ Nottingham pa pátápátá. Yunifásítì ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí, àwọn ọmọ ń kàwé níbi tí iná wà. Lọ́dún 2012, Accell ilẹ̀ Họ́láǹdì rà á, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún 2022, KKR, àwọn olówó Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn mìíràn ra Accell fúnra rẹ̀.

Bàbá ní, "Dúró ná. Tí wọ́n bá ti lu ẹ̀rọ férémù ní gbàǹjo, àwọn wo ló wá ń ṣe é?"

"Ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti ń ṣe é, Bàbá. Tí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á kọ Raleigh sí i."

Bàbá ò sọ nǹkan kan mọ́. Ó gbé fìtílà, ó wọlé lọ sùn. Ìyàwó rẹ̀ ní kò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, oníṣòwò náà dé. Òun náà ti lọ wádìí. Kí bàbá tó la ẹnu ni òun ti là á. "Bàbá, ẹ má rò pé jìbìtì ni mo fẹ́ ṣe. Àwọn tó ni orúkọ gan-an ń ṣe é. Wọ́n ń kọ́ ọ sí kẹ̀kẹ́ tí wọn ò fọwọ́ kàn. Kí ló wá burú nínú tèmi?"

Ọ̀rọ̀ yìí le o. Àwọn àgbà tó wà lórí bẹ́ǹṣì dákẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ èsì tí wọ́n ń fọ̀ sí i. Onítọ̀hún ní òfin lọ́wọ́ nítorí pé ó san owó orúkọ, oníṣòwò tiwa ò san án, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ṣé òfin ló fẹ́ gùn ni?

Bàbá ní kó gbé ọ̀kan nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Ó wà lẹ́yìn mọ́tò, ó gbé e wá. Bàbá gbé e dúró lórí ìjókòó rẹ̀, ó yí taya, ó wo ìsàlẹ̀, ó wá mú sípánà, ó rọra ń kan férémù láti ibì kan dé ibì kan, ó ń tẹ́tí. Nígbà tó kan ibi tí ọ̀pá òkè ti pàdé ọrùn kẹ̀kẹ́, ó dúró.

"Ibí yìí ló máa ti ya."

"Bàbá, kò sí kẹ̀kẹ́ tí kì í ya."

"Mi ò bá ọ jiyàn. Àwọn ará Ṣáínà mọ iṣẹ́, tí èèyàn bá sanwó iṣẹ́ fún wọn wọ́n á ṣe é. Èyí tó ò ń kó wá fún wa yìí, owó rẹ̀ ò dé ibi iná. Tí wọ́n bá ti fi ru epo fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì, ibí yìí á là. Tó bá là, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n á gbé e wá?"

Oníṣòwò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dọ̀ yín náà ni. Ẹ ò wa rí i pé ẹ̀ ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn. Oníṣòwò rí i pé ilẹ̀ ń rọ̀, ó sún owó sókè: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦152,000 nìyẹn. Owó ilé ọdún kan, yóò sì ṣẹ́ kù. Ìyàwó bàbá, tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, wúkọ́ lẹ́yìn páànù.

Bàbá dé agolo náà. Ó ní, "Àwọn Òyìnbó tó ń ta orúkọ yìí fún ara wọn, wọn ò mọ ẹni tó ń gùn ún, ẹni tó ń gùn ún ò mọ̀ wọ́n. Èmi, wọ́n mọ̀ mí. Tó bá gbé e wá, tó ní Bàbá, Raleigh ni, tó ń wò mí lójú, tó jẹ́ èmi ni mo yọ báàjì yẹn láti ara kẹ̀kẹ́ bàbá ẹ̀, kí ni kí n wí fún un?"

Oníṣòwò ní, "Ẹ má wí nǹkan kan."

"Ìyẹn gan-an ni mi ò lè ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tú ká. Kò sí ìjà. Oníṣòwò náà tún dọ̀bálẹ̀ kó tó wọ mọ́tò.

Ìjà wà nílé. Ìyàwó bàbá kì í ṣe aláriwo obìnrin, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé mẹ́ta gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lòun ti fi bá bàbá gbé, òun ti fi owó àdìrẹ san owó iléèwé ọmọ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ò mú nǹkan wọlé, òun ò sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí tí kẹ̀kẹ́ fẹ́ san án padà, bàbá ní òun ò gbà. "Orí ẹyẹ inú agolo yẹn, ṣé òun la máa sè?" Bàbá ò fèsì. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ̀yin lẹ lè dá ẹjọ́ yẹn. Ìyá náà kò ṣàṣejù.

Nígbà tí oṣù parí, bàbá kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kò bẹ onílé tuntun, onílé tuntun náà ò lé e pẹ̀lú ariwo. Wọ́n ti kun ibẹ̀ báyìí, ọmọge kan ń ṣe POS níbẹ̀. Bàbá gbé àpótí, ẹwìrì àti bẹ́ǹṣì lọ sábẹ́ igi odán iwájú ilé rẹ̀. Oníbàárà dín kù, nítorí ibẹ̀ jìn sójú títì. Àwọn àgbà orí bẹ́ǹṣì tẹ̀ lé e, àfi ẹnì kan tí orókún ń dùn.

Oníṣòwò náà ò jókòó. Ó lọ bá àwọn tó ń tẹ ìwé, wọ́n bá a tẹ sítíkà. Raleigh ni wọ́n kọ sí i lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ya ẹyẹ náà ò rí irú rẹ̀ rí, pẹ́pẹ́yẹ ló yà.

Kò tó ẹ̀ẹ̀rùn méjì tí bàbá wí. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, àgbẹ̀ kan ti kẹ̀kẹ́ wọ abẹ́ igi odán, kẹ́ẹ̀gì epo méjì lórí káríyà, oòrùn ti mú un. Ó ní wọ́n júwe ilé fóun ni. Ọ̀pá òkè ti là níbi tó ti pàdé ọrùn.

"Bàbá, ẹ rọra mú un o. Raleigh ni."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì wo pẹ́pẹ́yẹ náà, wọ́n wo bàbá. Bàbá ní, "Raleigh kọ́, ọmọ mi. Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ọn ni. Sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, kí n tún un ṣe fún ọ."

Ọkùnrin náà ò gbà. Ó ní owó gidi lòun san, Raleigh ni wọ́n pè é fóun, bóyá bàbá fẹ́ gbówó lérí ni. Bàbá ò bá a jà. Ó rán ọmọ nídìí ẹwìrì, ó ha ọ̀dà kúrò lójú ibi tó là, títí irin fi funfun, ó fi bọ́ráàsì sí i. Iná ràn. Bàbá tẹ̀ síwájú, ojú ẹ̀ ti gbó, ó ní láti sún mọ́ ọn ju tàtijọ́ lọ. Ó dúró, ó dúró, ó ń wo àwọ̀ irin. Ó fi idẹ kàn án, idẹ ṣàn, ó wọlé. Ó ní kí ọmọ fi ẹwìrì sílẹ̀.

Wọ́n ná an. Ọkùnrin náà ní owó ti pọ̀ jù. Bàbá ní idẹ ti wọ́n. Wọ́n dọ́gba níbì kan.

Bàbá ní, "Ojú ibi tí mo jó yìí ò ní là mọ́. Àwọn ojú ibi yòókù, mi ò mọ̀ wọ́n."

Ooru iná ti ká etí sítíkà náà sókè. Ọkùnrin náà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ padà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ méjèèjì sórí káríyà, ó fi rọ́bà dè wọ́n, ó sì gba ọ̀nà ọjà lọ.